Àwòdì Tó Ń Ṣẹ̀jẹ̀ Láìlọ́gbẹ́ ní Ìsàbà

Láti ìgbà tí mo ti padà sí Ayétòrò, ìbéèrè kan náà ni ẹ ń bi mí: ṣé lóòótọ́ ni pé àwọn ará Pobẹ̀ ń sọ èdè wa? Wọ́n ń sọ ọ́. Bí mo bá dijú, ńṣe ló ń dà bí ẹni pé ìyá mi àgbà ló ń bá mi sọ̀rọ̀. Ìgbà tí wọ́n bá pe ilé ìwòsàn ní lọpitáàlì, tàbí tí wọ́n bá ń dúpẹ́ tí wọ́n ní "mẹ̀sí", ìgbà yẹn ni mo tó ń rántí pé mo ti kọjá ààlà. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ èdè kọ́ ni mo fẹ́ sọ. Mo gbọ́ pé àwọn kan ti ń ròyìn ìrìn-àjò mi kiri lọ́nà tí kò rí, ìdí nìyẹn tí mo fi ní kí n fẹnu ara mi sọ ọ́.

Ẹ mọ iṣẹ́ tí mo ṣe jẹun. Ọdún mọ́kànlélógún ni mo fi tọ́jú ẹyẹ ní ọgbà ẹranko kí n tó fẹ̀yìn tì, àwọn ẹyẹ apẹranjẹ ni wọ́n sì fi sí mi lọ́wọ́: àṣá, àwòdì, igún, òwìwí. Ìdòwú, ọkùnrin ará Ìsàbà lágbègbè Pobẹ̀, tó ń tọ́jú ẹran ọ̀sìn, wá kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi fún oṣù díẹ̀ nígbà kan. Òun ló pè mí lórí fóònù nígbà ọyẹ́ tó kọjá.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wá," ló wí. "Àwọn ẹyẹ ń jábọ́ láti òkè. Ẹ̀jẹ̀ ń jáde lẹ́nu wọn, mi ò sì rí ojú ọgbẹ́ kankan."

Mo ní kí ó tún un sọ. Ó tún un sọ. Lẹ́yìn náà ó rẹ ohùn sílẹ̀: "Àwọn èèyàn sì ti ń wo ilé mi."

Ojú ọ̀run Ṣakẹ́tẹ́

Ọjọ́ ọjà ni mo dé Ṣakẹ́tẹ́. Gàrí ibẹ̀ kò ṣeé fẹnu sọ. Obìnrin kan tí mi ò mọ̀ rí bu díẹ̀ sí mi látẹ́lẹwọ́ kí n tó sọ pé mo fẹ́ rà, ó ń wo ẹnu mi bí mo ṣe ń jẹ ẹ́. Nígbà tí mo yìn ín, ó pàtẹ́wọ́.

"Ará Nàìjíríà ni yín!" ló wí. "Ẹ̀ ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tó ń ka ìwé."

Gbogbo àwọn tó wà nítòsí rẹ́rìn-ín, èmi náà rẹ́rìn-ín. Wọ́n fún mi ní àga, wọ́n fún mi ní omi. Mo ti ń sọ lọ́kàn ara mi pé ibi tí mo wá yìí dára, àfìgbà tí mo dé ibi tí wọ́n ti ń ta ẹran.

Ìfun ẹran wà nílẹ̀, egungun wà nílẹ̀, eṣinṣin bò wọ́n. Bí ọyẹ́ bá ti dé, kò sí ọjà ẹran tí àwòdì kì í rà bàbà lókè rẹ̀, tí wọn kì í já ìfun gbà mọ́ ajá lẹ́nu. Mo gbójú sókè. Eruku ọyẹ́ nìkan ni mo rí. Mo dúró pẹ́ gan-an, ọrùn bẹ̀rẹ̀ sí í dùn mí, ẹyẹ kan ṣoṣo kò kọjá.

Mo bi alápatà tó wà nítòsí mi pé níbo ni àwọn àwòdì wà.

"Wọ́n ti lọ."

"Lọ sí ibo?"

Ó nu ọ̀bẹ rẹ̀ nígbà méjì, ó nù ún lẹ́ẹ̀kẹta. "Ẹ má bi èmi, Tantí," ló wí, bí wọ́n ṣe ń pe àgbà obìnrin níbẹ̀, ó sì kẹ́yìn sí mi.

Ọlọ́kadà kan, zẹ́mì ni wọ́n ń pè wọ́n níbẹ̀, ló gbé mi lọ. Ọmọlúwàbí èèyàn ni. Ó ń kí mi kú ìjókòó ní gbogbo ibi tí ọ̀nà bá ti ní kòtò. A kọjá Pobẹ̀, a wọ ọ̀nà Ìsàbà, inú ọ̀pẹ lọ́tùn-ún, inú ọ̀pẹ lósì. Nígbà tó kù díẹ̀ kí a dé, mo dárúkọ ilé Ìdòwú fún un. Ó dá ọkadà dúró lójú ẹsẹ̀. Ó gbé àpò mi kalẹ̀ jẹ́jẹ́, ó gbọn eruku orí rẹ̀ dànù, ó tẹrí ba fún mi.

"Ẹ máa rìn lọ díẹ̀, mà. Ẹ óò débẹ̀."

Kò jẹ́ kí n bi òun ní ìdí. Ó yí ọkadà padà, mo sì fẹsẹ̀ rin ìyókù.

Ojú mẹ́ta nínú àká

Àká àgbàdo tó ti gbó ni Ìdòwú sọ di ilé ìwòsàn àwọn ẹyẹ rẹ̀. Ó ti fi aṣọ dí gbogbo ibi tí ìmọ́lẹ̀ lè gbà wọlé, gẹ́gẹ́ bí mo ṣe kọ́ ọ, nítorí òkùnkùn ni ó ń fi ẹyẹ apẹranjẹ lọ́kàn balẹ̀. Àwòdì mẹ́rin àti òwìwí mẹ́ta ló wà níbẹ̀.

Ojú òwìwí kì í yí nínú agbárí bíi tiwa. Bó bá fẹ́ wò ọ́, àfi kó yí gbogbo orí rẹ̀. Mo mọ èyí dunjú. Síbẹ̀, nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ wọlé, tí ojú funfun àwọn òwìwí mẹ́ta náà yí sí mi lẹ́ẹ̀kan náà láìsí ìró kankan, tí ẹ̀jẹ̀ sì fà gbọọrọ láti ihò imú wọn wá sí àyà, ara mi bù máṣọ.

Mo fi tówẹ̀lì bo àwòdì kan, mo kọ́kọ́ di ẹsẹ̀ rẹ̀ mú, nítorí èékánná ni ohun ìjà rẹ̀, kì í ṣe ẹnu. Kò jà. Inú ẹnu rẹ̀ tó yẹ kó pọ́n ti funfun bíi bébà. Abẹ́ ìyẹ́ apá rẹ̀ ti ṣú dúdú bí ẹni tí wọ́n nà. Kò sí ojú ọta, kò sí ojú òkò.

Ọ̀kan mìíràn ti kú láàárọ̀ ọjọ́ náà. Mo là á sórí tábìlì lábẹ́ igi ọsàn. Ẹ̀jẹ̀ kún inú rẹ̀, kò sì dì. Mo gbọ̀n ọ́n sínú àwo funfun kan, mo gbé e kalẹ̀ láti máa wò ó.

Ìyá Ìdòwú ti ń wò wá láti ẹnu ọ̀nà ní gbogbo àkókò yìí. Opó ni, ó kéré ní ìdúró, ohùn rẹ̀ tutù. Kò sún mọ́ àká náà. Nígbà tí a fọwọ́ tán, ó gbé oúnjẹ wá: ẹ̀kọ tútù àti ọbẹ̀ eku, ata rẹ̀ jó, òórùn rẹ̀ dùn. Ó fi ṣíbí wá ẹ̀dọ̀ inú ìkòkò, ó kó gbogbo rẹ̀ sínú àwo mi.

"Ti àlejò nìyẹn," ló wí. "Ẹ má jẹ́ kí ó kù."

Mo jẹ ẹ́, kò kù. Mo tún yìn ín pé ó mọ ọbẹ̀ sè. Ìgbà tó rẹ́rìn-ín ni mo rí ẹ̀jẹ̀ létí eyín rẹ̀.

Mo dìde, mo lọ wo àwo tí mo gbé sábẹ́ igi ọsàn. Ó ti lé ní wákàtí kan. Mo tẹ̀ ẹ́ sọ́tùn-ún, mo tẹ̀ ẹ́ sósì. Ẹ̀jẹ̀ náà ń ṣàn kiri bí omi. Ohun kan ṣoṣo ni mo mọ̀ tó ń ṣe ẹ̀jẹ̀ bẹ́ẹ̀, májèlé eku ni. Ìgbà náà ni mo rántí ohun tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé mì.

"Wọn kì í sá mọ́"

Mo bi Ìdòwú pé ta ló ń lo májèlé eku ládùúgbò. Ó ní kò sẹ́ni tó dán an wò. Adìẹ gbogbo ayé ló ń jẹ̀ kiri, àwọn àgbà sì ti ka májèlé léèwọ̀. Mo yíjú sí ìyá rẹ̀.

"Màmá, níbo lẹ ti ń rí eku?"

"Inú ọ̀pẹ lọ́hùn-ún ni." Ó ń palẹ̀ àwo mọ́. "Tẹ́lẹ̀, àfi kí n dẹ pàkúté. Ṣùgbọ́n eku ọdún yìí kì í sá mọ́. Ojú ọ̀sán gangan ni wọ́n ń jáde. Mo kàn ń bẹ̀rẹ̀ mú wọn ni. Àwọn mìíràn á jókòó, wọ́n á máa wò mí, bí ẹni pé èmi ni wọ́n ń dúró dè."

Mo ní kí ó jẹ́ kí n wo apá rẹ̀. Àmì dúdú pọ̀ níbẹ̀, ńlá àti kékeré. Ó ní òun kò ṣubú, ẹnì kan kò lu òun. Bí òun bá gbé korobá, àmì dé. Bí òun bá fara ti ìlẹ̀kùn, àmì dé.

Mo sọ fún un pé kí a máa lọ sí lọpitáàlì ní Pobẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Ó mi orí.

"Ẹ ò mọ ohun tí wọ́n ń sọ níta," ló wí. "Wọ́n ní ẹni tó ń bọ́ òwìwí nínú ilé, òun ló ń mu ẹ̀jẹ̀ àwọn ẹyẹ. Wọ́n ní èmi ló kàn. Bí wọ́n bá rí i tí wọ́n ń gbé mi jáde nínú ilé yìí lónìí, wọ́n á ní ó ti ṣẹ. Ọmọ mi ni wọ́n máa pa. Ẹ jẹ́ kí n wà níbí."

Ìdòwú bojú. Èmi gún àwọn ẹyẹ ní abẹ́rẹ́ tí mo gbé wá, òògùn tó ń jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ lè dì, ọ̀kọ̀ọ̀kan lábẹ́ awọ. Mo wo ìgò náà, mo wo ìyá náà. Òògùn tí mo gbé wá fún ẹyẹ ni. Mi ò ní ẹ̀tọ́ láti gún un fún èèyàn, mi ò sì gún un.

Kí oòrùn tó wọ̀, àlejò mẹ́ta dé: olórí àdúgbò, obìnrin kan láti ìjọ àwọn aláṣọ funfun, àti Bàbá Ẹdun, ẹ̀gbọ́n bàbá Ìdòwú tó ti kú. Wọ́n gbé ọ̀pẹ̀yìnbó méjì àti ìgò sódábì kan, ògógóró wọn, wá fún mi. Wọ́n bi mí léèrè ìrìn-àjò, wọ́n bi mí léèrè àwọn ọmọ mi. Wọn kò wo ojú Ìdòwú rárá.

"Àlejò wa," ni olórí àdúgbò wí, ohùn rẹ̀ rọ̀, "a ò bá yín jà. Ṣùgbọ́n ẹ bá wa sọ fún ẹni tó gbà yín lálejò pé ní ọ̀túnla, bí a bá ti jáde ní ṣọ́ọ̀ṣì, a máa wá sun àká yẹn. Kó má ṣe wà nínú rẹ̀."

"Ẹ jẹ́ kó jókòó sínú ilé rẹ̀," ni obìnrin náà wí. "A fẹ́ràn ìyá rẹ̀ ni."

Bàbá Ẹdun jókòó sẹ́yìn wọn. Ilẹ̀ ló ń wò látìgbà tí wọ́n wọlé. Nígbà tí wọ́n dìde, ó dúró díẹ̀ níwájú ìyàwó àbúrò rẹ̀, ó wo apá rẹ̀, ó sì jáde láìkí ẹnikẹ́ni. Wọ́n kí ará ilé, wọ́n kí àlejò, wọ́n lọ. Mi ò rí irú ẹ̀rù tó fi ọ̀wọ̀ wọlé bẹ́ẹ̀ rí.

Inú ọ̀pẹ

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, èmi àti Ìdòwú lọ sínú ọ̀pẹ náà. Ẹ̀yin tí ẹ ń lọ sóko, ẹ mọ̀ pé oko kì í dákẹ́. Bí ẹyẹ kò bá ké, alángbá á sá gba inú ewé gbígbẹ. Ibẹ̀ dákẹ́. Ìró ẹsẹ̀ tiwa ń padà wá bá wa, bí ẹni pé àwọn mìíràn ń rìn lẹ́yìn àwọn igi.

Eku kan jáde láti inú koríko. Ó rí wa. Ó ń bọ̀ lọ́dọ̀ wa, ó ń ta gọ́ọ́gọ̀ọ́, ó dé orí bàtà Ìdòwú, ó jókòó síbẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ wà nímú rẹ̀. Ìdòwú kò lè mi ẹsẹ̀. Èmi ni mo fi ewé gbé e kúrò, ó sì kú sínú ewé náà kí n tó gbé e délẹ̀.

Níbi tí ọ̀pẹ kéékèèké wà, a bẹ̀rẹ̀ sí í ká imọ̀ ọ̀pẹ gbígbẹ kúrò nílẹ̀. Abẹ́ èkíní, kò sí nǹkan. Abẹ́ ìkẹta ni a ti rí àgbàdo tí wọ́n fi aró búlúù pa, ẹ̀kúnwọ́ kan, tí wọ́n fi imọ̀ bò dáadáa.

Mo ṣàlàyé fún Ìdòwú. Irú májèlé yìí kì í pa eku lójú ẹsẹ̀. Kò ní jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lè dì mọ́ ni, eku á sì máa rìn káàkiri fún ọjọ́ mélòó kan, á máa rẹ̀ ẹ́, kò ní lè sá. Àwòdì á gbé e nítorí kò sá. Òwìwí á gbé e mì odindi, á pọ egungun àti irun rẹ̀ jáde lẹ́yìn náà, ṣùgbọ́n kò lè pọ májèlé. Ẹ̀dọ̀ ni májèlé náà ń sá pamọ́ sí.

"Màmá ti ń jẹ ẹ́ láti ìgbà tí ọyẹ́ ti bẹ̀rẹ̀," ni Ìdòwú wí. Ó jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀.

"Ta ló ni àwọn ọ̀pẹ yìí?"

Ìdòwú na ìka sáàárín àwọn igi. Nígbà tí mo gbójú sókè, Bàbá Ẹdun dúró láàárín igi méjì, àdá lọ́wọ́ rẹ̀, ó ń wo àgbàdo tó wà nílẹ̀. Mi ò mọ ìgbà tó dé. Mo kí i. Ó yíjú, ó wọ inú ọ̀pẹ lọ.

A padà sílé pẹ̀lú àgbàdo náà nínú ọ̀rá. Ìyá Ìdòwú jókòó lórí ẹní, ó tẹrí sórí abọ́. Imú rẹ̀ ti ń ṣẹ̀jẹ̀ láti ìgbà tí a ti jáde, kò sì dúró. Lọ́tẹ̀ yìí a kò bi í bóyá ó fẹ́ lọ. Ìdòwú gbé e sáàárín wa lórí ọkadà rẹ̀. Bí a ṣe ń kọjá, àwọn èèyàn jáde sí ẹnu ọ̀nà, ilé kan tẹ̀ lé òmíràn. Wọn kò pariwo, wọn kò bú wa. Wọ́n kàn dúró, wọ́n ń wò wá kọjá.

Dókítà tó gbà wá ní Pobẹ̀ kò fi mí ṣẹ̀sín nígbà tí mo ní ẹyẹ ni mo ń tọ́jú. Ó wo àgbàdo inú ọ̀rá, ó fa ẹ̀jẹ̀ ìyá náà, ó dúró tì í, kò dì. Lẹ́yìn náà ó bẹ̀rẹ̀ òògùn. Ó bi mí bóyá èmi náà jẹ eku. Mo ní ẹ̀ẹ̀kan péré ni. Ó yẹ ẹ̀jẹ̀ mi wò, ó ní kò sí nǹkan. Síbẹ̀, odidi ọ̀sẹ̀ kan ni mo fi ń fi ìka tẹ èrìgì mi, tí mo sì ń wo ìka náà nínú oòrùn.

Ọjọ́ Àìkú

Wọ́n dé lóòótọ́. Aṣọ funfun lọ́pọ̀lọpọ̀, àti àwọn tí kì í lọ ṣọ́ọ̀ṣì lẹ́yìn wọn, imọ̀ gbígbẹ lọ́wọ́ wọn. Ìdòwú wà lọ́dọ̀ ìyá rẹ̀ ní lọpitáàlì. Èmi nìkan ni mo dúró lẹ́nu ọ̀nà àká, pẹ̀lú ìyókù àgbàdo búlúù látẹ́lẹwọ́. Mo sọ gbogbo ohun tí mo mọ̀ fún wọn. Wọ́n gbọ́ mi dópin, tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀.

"Ẹ ṣeun, àlejò," ni olórí àdúgbò wí. "Ẹnikẹ́ni lè fi aró pa àgbàdo. Ẹ kúrò lọ́nà."

Lẹ́yìn wọn ni a ti gbọ́ ohùn Bàbá Ẹdun. "Kò pa á láró."

Wọ́n yà fún un. Ó ru àpò kan léjìká. Ó gbé e kalẹ̀ láàárín wa, ó tú u, ó da gbogbo rẹ̀ sílẹ̀, àgbàdo búlúù títí dé ẹsẹ̀ mi.

"Èmi ni," ló wí. "Eku ń jẹ ọ̀pẹ kéékèèké mi run. Mo ra eléyìí lọ́wọ́ ẹni tó ń kiri ọjà, mo fi pamọ́ fún gbogbo yín. Nígbà tí àwòdì àkọ́kọ́ jábọ́, mo ti mọ̀. Mo ní n ó sọ ọ́ lọ́la. Ojoojúmọ́ ni mo ń sọ pé lọ́la. Ẹ fi ọmọ àbúrò mi sílẹ̀."

Bó ṣe sọ̀rọ̀ tán báyìí, adìẹ kan sáré wá, ó sọ àgógó sínú àgbàdo náà, òmíràn tẹ̀ lé e. Obìnrin aláṣọ funfun yẹn figbe ta. Lẹ́ẹ̀kan náà gbogbo wọn ń lé adìẹ, wọ́n ń fi imọ̀ tí wọ́n kó wá láti fi dáná lé adìẹ, àgbà àti ọmọdé. Nígbà tí a lé wọn tán, a bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, a sì ń ṣa àgbàdo náà lẹ́yọ lẹ́yọ títí oòrùn fi rọlẹ̀. A gbẹ́ kòtò jíjìn, a bò ó mọ́lẹ̀.

Apẹ̀rẹ̀

Nínú àwọn ẹyẹ méje, mẹ́ta ló yè: àwòdì méjì àti òwìwí kan. Ọjọ́ tí a tú àwọn àwòdì sílẹ̀, wọ́n gòkè tààrà, wọn kò yí wò wá. Ìyá Ìdòwú lo ọjọ́ mẹ́sàn-án ní lọpitáàlì. Wọ́n ní kó máa lo òògùn lọ fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀, kó má sì jẹ eku kankan. Mo dúró dè é títí ó fi padà sílé.

Ẹnì kankan kò wá bẹ Ìdòwú. Wọ́n kàn tún bẹ̀rẹ̀ sí í kí i ni, bí ẹni pé wọn kò dákẹ́ rí. Bàbá Ẹdun ni wọn kò kí mọ́. Bó bá kọjá, ọ̀rọ̀ á dúró lẹ́nu wọn. Wọ́n ní òun nìkan ló ń dáná, òun nìkan ló ń jẹun.

Ní àárọ̀ ọjọ́ tí mo fẹ́ máa bọ̀, apẹ̀rẹ̀ kan wà lẹ́nu ọ̀nà nígbà tí a ṣílẹ̀kùn. Kò sẹ́ni tó kànkùn, kò sẹ́ni tó wà lójú ọ̀nà. Òwìwí kan ló wà nínú rẹ̀, apá rẹ̀ ti kán, ẹnì kan sì ti fi okùn ọ̀pẹ dì í mọ́ ara rẹ̀ dáadáa, bí èmi gan-an ì bá ṣe dì í.

Ìyá Ìdòwú bẹ̀rẹ̀ wò ó. Kò sún mọ́ òwìwí rí, ṣùgbọ́n ó na ọwọ́, ó fi ìka kan kókó okùn náà.

"Kókó àwọn tó ń gun ọ̀pẹ nìyí," ló wí. "Ẹnì kan ṣoṣo ló ń fi ọwọ́ òsì ta á ládùúgbò yìí."

Ìdòwú wojú rẹ̀. Ìyá rẹ̀ kò dárúkọ ẹnikẹ́ni.

"Gbé e wọlé," ló sọ fún ọmọ rẹ̀. Lẹ́yìn náà ó wọ ilé ìdáná. Ó di ẹ̀kọ márùn-ún sínú abọ́ kan, ó bu ọbẹ̀ ẹja sínú òmíràn, ó dé wọn, ó kó wọn léra, ó sì gbé wọn rù. Mo ní kí n bá a gbé e. Ó ní rárá, òun lè rìn. Ó kọjá níwájú gbogbo ilé tó wà ní ọ̀nà náà, díẹ̀díẹ̀, àwọn èèyàn sì tún jáde sí ẹnu ọ̀nà wọn láti wò ó, títí ó fi yà sí àgbàlá Bàbá Ẹdun.